Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Ajá Nínú Ooru Aṣálẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsọ̀kùn, nílùú Iléṣà, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àkọ́bí mi ọkùnrin ń gbé ní Las Vegas, l'Amẹ́ríkà. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti bàbá rẹ̀, oṣù July la máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ lòun máa fi gbé wa rìn nínú aṣálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, pé a máa dé àwọn páàkì ìjọba wọn: Death Valley, Zion, Bryce Canyon àti Grand Canyon. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní ajá òun náà ń bá wa lọ. Bulldog ni, imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì sanra. Tó bá ń sùn, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun lórí fóònù. Bàbá Ìbejì ní òun ò ní bá ajá jókòó nínú ọkọ̀ kan náà láyé. Ní tèmi, ooru ni mò ń rò. Ṣé ajá lè fara da irú ooru tí wọ́n ń ròyìn yẹn? Ṣé wọ́n á jẹ́ kó wọ ibi tí à ń lọ? Bí wọn ò bá sì jẹ́, ṣé a lè fi í sínú ọkọ̀, ká ya fèrèsé díẹ̀ fún un?
Ìyá Ìbejì, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ìrìnàjò. Èyí tí ẹ béèrè gbẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun gan-an ló ń pa ajá. Rárá o. Ẹ ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkọ̀ tí a bá pa sínú oòrùn, kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ooru inú rẹ̀ á ti fi bíi dígírì 11 ju ti ìta lọ. Tó bá pé wákàtí kan, á ti fi ju 20 lọ. Fèrèsé tí ẹ ya kò ní yí i padà tó nǹkan kan. Las Vegas ní July, nǹkan bí 40 ni ìta lọ́sàn-án. Ẹ fi 20 lé e kí ẹ wò ó. Ààrò ni ọkọ̀ yẹn ti dà. Bí ọmọ yín bá ní òun á fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù máa ṣiṣẹ́, mi ò fọwọ́ sí ìyẹn náà. Ẹ́ńjìnnì lè gbóná jù nínú ooru bẹ́ẹ̀ kó kú, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi padà dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi mọ̀ ọ́n. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ẹranko ní Ilé-Ifẹ̀ níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ajá ọdẹ tí ìmàdò fi eyín ya níkùn, ajá tí ejò bù jẹ nínú oko kòkó, ajá tí wọ́n gbé wá lórí ọ̀kadà láti Modákẹ́kẹ́ àti Ìpetumodù, ọwọ́ mi ni gbogbo wọn ti kọjá. Ní July 2023, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní kí n wá kí àwọn, pé a ó jọ wa ọkọ̀ lọ sí Grand Canyon. Ọdún yẹn gan-an ni ooru ọ̀sán Phoenix wà ní 43 sókè fún ọjọ́ 31 léraléra, láti òpin June títí July fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. (Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pe 110 níbẹ̀. Fahrenheit ni wọ́n fi ń ka tiwọn, 43 tiwa ni.) Wọ́n ní ajá kan, ó pupa rúsúrúsú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ kan dúró, ìkejì ṣubú. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀la lórí fóònù lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wálé.

A ti pinnu pé aago mẹ́rin ìdájí la máa gbéra. Ẹrù dídì ò jẹ́. Aago mọ́kànlá ti kọjá ká tó dé ilé epo kan létí ìlú. Àna mi ń ra epo, ọmọ mi wọlé lọ ra yìnyín, ajá ń kùn pé òun fẹ́ tọ̀. Mo di okùn rẹ̀ mú, mo bá a sọ̀ kalẹ̀. Bàtà tó nípọn wà lẹ́sẹ̀ tèmi. Ó ń wá ibi tó máa tọ̀ sí, à ń rìn lórí ọ̀dà, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé ìkejì, bí ẹni ń jó. Mo rò pé eré ni. Mo tiẹ̀ ń kì í. Ìgbà tó fẹ́ dùbúlẹ̀, tó sì fò dìde pẹ̀lú igbe, ni mo tó bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀. Ọwọ́ mi ò lè dúró níbẹ̀. Nígbà tí a fi máa gbé e wọnú ọkọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú méjèèjì ti bó, ẹran abẹ́ rẹ̀ pọ́n yòò. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn fún ọjọ́ púpọ̀. Kí ló dé tí n kò rí i, èmi tí mo ti tọ́jú ajá tó bẹ́ẹ̀? Mo wá rí i pé ajá tí mo mọ̀ ni ajá Ifẹ̀, tó ń dá rìn. Lọ́sàn-án oṣù kejì, tí ọ̀dà Lágere ń gbóná, ajá wa máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kótà, á tẹ erùpẹ̀, á sá sábẹ́ tábìlì ìyá alákàrà. Ó ń yan ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ajá tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní ìyàn kankan. Ẹni tó di okùn mú ló ń yan ilẹ̀ fún un, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ ẹni yẹn. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, kí ajá yẹn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé ilẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì títí dé èje. Bí ọwọ́ yín ò bá lè dúró títí èje fi pé, ajá ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní Death Valley, wọ́n ti wọn ooru ilẹ̀ rí ní July 1972, ó tó dígírì 93. Omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó nìyẹn.

Bàtà ajá wà, wọ́n ń tà á níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yín fi kọ́ ọ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì ṣáájú, torí ajá tí kò mọ̀ ọ́n rí á jókòó sílẹ̀ ni, á máa fi eyín tú u. Ibi tó bá sì ti jó, omi tútù lásán ni kí ẹ máa dà sí i, kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe òrí, kì í ṣe epo. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ní Flagstaff, ìlú kan lọ́nà Grand Canyon, ni àwa ti rí dókítà.

Ẹ tún béèrè bóyá ajá lè fara da ooru náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ara ajá ṣe ń tutù, torí bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin fúnra yín á mọ ohun tó yẹ. Àwa èèyàn, gbogbo awọ ara wa ló ń làágùn, afẹ́fẹ́ á fẹ́ òógùn náà gbẹ, ara á tutù. Awọ ajá kì í làágùn bẹ́ẹ̀, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde: ó ń yọ ahọ́n, ó ń mí gúlegúle, omi ara ahọ́n àti ti inú imú ń gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá ń tutù. Ìdí nìyẹn tí ajá fi nílò imú gígùn. Bulldog, imú tí Ọlọ́run ìbá fún un ni àwọn tó ń sin ín ti fi ọ̀pọ̀ ìran gé kúrú. Ọ̀nà èémí rẹ̀ há. Ìhanrun tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù yẹn, afẹ́fẹ́ tó ń wá ọ̀nà kọjá ni. Bó bá wá di pé kó máa mí gúlegúle nínú ooru, iṣẹ́ èémí yẹn fúnra rẹ̀ á tún máa mú ara rẹ̀ gbóná sí i. Ó sanra pẹ̀lú, ẹ ní.

Ooru ibẹ̀ sì máa ń tan èèyàn jẹ. Tiwa níbí, bó bá mú, aṣọ á lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé ẹ ń làágùn. Tibẹ̀ gbẹ ju ọyẹ́ lọ. Òógùn á ti gbẹ kí ẹ tó rí i, ẹ ó máa rò pé kò tó bẹ́ẹ̀, omi ara yín sì ti ń lọ. Gálọ́ọ̀nù kan, nǹkan bíi lítà mẹ́rin, ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fún ọjọ́ kan, ó kéré tán. Ajá tó wọn kílò 25 ń mu tó lítà kan ààbọ̀ lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà, ẹ fi kún un dáadáa. Kí omi wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò nílùú, kì í ṣe pé ẹ máa rí i rà lọ́nà. Wákàtí méjì lè kọjá tí ẹ ò ní rí ilé kan, tí fóònù ò sì ní mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ó kù ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń gbà ajá láàyè. Páàkì tí à ń sọ yìí kì í ṣe páàkì mọ́tò o, ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ wọn fi òfin dá sí ni, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé, má ṣọdẹ, má gé igi níbẹ̀. Òfin wọn lórí ajá le ju bí ọmọ yín ṣe rò lọ. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ibi tí ọkọ̀ lè dé ni ajá lè dé: ojú títì, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ibi tí wọ́n ń pàgọ́ sí. Ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wọnú igbó àti àpáta, kò gbọdọ̀ débẹ̀. Okùn tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kò sí láàyè. Wọn ò fẹ́ kí òórùn ajá lé ẹran ìgbẹ́ kúrò níbi tó ń jẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí àrùn ti ara ajá ran ẹran. Ọmọ ọdẹ èyíkéyìí ní Ìjẹ̀ṣà lè sọ fún yín pé òtítọ́ ni, ẹran tó bá gbóòórùn ajá kì í dúró.

Death Valley, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ 10, oṣù July, 1913 ni wọ́n wọn 56.7 níbẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Furnace Creek, ìyẹn ló ṣì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ooru tó ga jù tí wọ́n tíì wọn láyé. July lásán tí kò ṣe nǹkan kan, 47 ni. Ibi tó jìn jù ní Death Valley fi mítà 86 lọ sísàlẹ̀ ju ojú òkun lọ, òkè sì yí i ká, bí ìkòkò ni, ooru á wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ páàkì fúnra wọn ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rìn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá àárọ̀. Ajá kò sì lè rìn lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. Kí ló fẹ́ lọ ṣe? Kí ọmọ yín mú yín lọ lóṣù December lọ́jọ́ mìíràn, ibẹ̀ dára nígbà náà.

Zion ṣòro fún alájá. Láti nǹkan bíi March títí di November, bọ́ọ̀sì páàkì ló ń gbé èèyàn wọ àárín àfonífojì, ọkọ̀ aládàáni kì í gba ibẹ̀, ajá kì í sì í wọ bọ́ọ̀sì náà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà fún ajá, Pa'rus lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹ bí títì, ó lẹ́wà, odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní July ẹ gbọ́dọ̀ ti rìn ín tán kí oòrùn tó ràn dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan á dúró ti ajá, tàbí kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba ajá tọ́jú nítòsí páàkì.

Bryce Canyon àti Grand Canyon ni kí ẹ gbájú mọ́. Òkè ni wọ́n wà. Bí ẹ bá fi 300 mítà gòkè, ooru á fi bíi dígírì méjì tàbí mẹ́ta dínkù. Etí Bryce ga tó 2,400 mítà sókè, nǹkan bíi 27 ni ọ̀sán July níbẹ̀, bí ọjọ́ òjò wa. Láàárín ibi tí wọ́n ń pè ní Sunrise Point àti Sunset Point, ajá lè bá yín rìn, torí wọ́n ti tẹ́ ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀gbun ńlá ni Grand Canyon. Etí rẹ̀ ní gúúsù, South Rim, ga tó 2,100 mítà, ajá olókùn sì lè rìn lórí gbogbo ọ̀nà tó wà lókè etí náà. Kìkì pé kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun. Ẹ̀yin náà ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Ìbejì, pẹ̀lú ọjọ́ orí wa. Etí òkè lè jẹ́ 29 kí ìsàlẹ̀ ọ̀gbun ju 40 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgòkè ló máa wà níwájú yín nígbà tí ó bá ti rẹ̀ yín. Ilé ìtọ́jú ajá wà nínú páàkì náà. Kí ọmọ yín pè wọ́n ṣáájú, kó sì mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dání.

Èyí tí ọmọ yín kò dárúkọ, tí mo fẹ́ fi kún un, ni Petrified Forest, ní Arizona. Igi tó ṣubú láti ohun tó ju 200 mílíọ̀nù ọdún lọ, tó ti di òkúta, tí ẹ ṣì ń rí èèpo àti kókó lára rẹ̀. Mo fọwọ́ pa ọ̀kan, ó tutù bí ọlọ. Ẹ ò gbọdọ̀ mú ẹyọ kan kúrò níbẹ̀ o, òfin ni. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ jù ni pé wọ́n gba ajá láàyè lójú ọ̀nà wọn, níwọ̀n ìgbà tí okùn bá wà lọ́rùn rẹ̀, àfi inú ilé wọn nìkan. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí Tanímọ̀la jóná la débẹ̀, ní aago méje àárọ̀. Ó wọ bàtà pupa mẹ́rin, ó rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń gbóòórùn igi òkúta náà bí ẹni pé igi gidi ni.

Ọ̀rọ̀ owó ìwọlé: láti January 2026 ni wọ́n ti ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ àlejò tí kì í gbé Amẹ́ríkà ju ti onílé lọ, pàápàá ní Grand Canyon, Zion àti Bryce. Kí ọmọ yín ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Bí ẹ bá ń lọ, ìdájí ni kí ẹ máa wa ọkọ̀. Kí ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ ní aago mẹ́wàá, kí ajá wà nínú ilé tó tutù títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sán, òjò ààrá máa ń dédé rọ̀ ní July àti August ní agbègbè náà. Òjò lè rọ̀ níbi tó jìnnà tí ẹ ò rí, kí àgbàrá rẹ̀ wá ya bá yín nínú àfonífojì tóóró lábẹ́ ọ̀run tó mọ́. Lẹ́yìn òjò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan máa ń jáde ní gúúsù Arizona. Oró ara rẹ̀ lè pa ajá tó bá gbé e sẹ́nu. Ejò kan wà tó ń mi ìrù bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró gbọin-in, kí ẹ wo ibi tó wà, kí ẹ rọra fà sẹ́yìn. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí wọ́n ń pè ní cholla, ẹ̀gún rẹ̀ á gbé odidi ẹ̀ka lẹ̀ mọ́ ajá lára. Ẹ má fi ọwọ́ yọ ọ́, ìyarun onírin ni kí ẹ fi yọ ọ́ kúrò.

Kí ẹ há èyí sórí, torí kò ní sí àyè láti wá a nínú ìwé nígbà náà. Ara ajá tó le dáadáa, 38 sí 39 ni. Bó bá ti tó 41, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ ó rí i: ìmí gúlegúle tí kò dẹ̀ bó tilẹ̀ wà níbòji, itọ́ tó ki, erìgì tó pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, èébì. Ẹ má kọ́kọ́ máa wá ilé ìwòsàn. Omi ni àkọ́kọ́. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára láti ọrùn dé ìrù, ní ikùn, ní abẹ́ itan, ẹ máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Omi yòówù tó bá ti tutù ju ara rẹ̀ lọ ló dára. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó, aṣọ náà á gbóná, á sì dá ooru dúró sí i lára. Ẹ má tẹ omi bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí kò bá fẹ́. Bó bá ti ń rọlẹ̀, ẹ gbé e sọ́kọ̀ tó ti tutù, ẹ máa lọ bá dókítà, kódà bó bá dìde dúró. Inú ara lè ti bàjẹ́ kí ojú má tíì rí i.

Ní báyìí, ohun tí mo rò gan-an. Bó bá jẹ́ ajá onímú gígùn, ọmọdé, tí kò sanra, màá ní kí ẹ máa lọ, ẹ yọ Death Valley, ẹ gba òkè. Èyí tí ọmọ yín ní yìí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀ nílé. Ẹ má sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ò fẹ́ ajá, ìjà nìyẹn á dà. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́ bó ṣe ń hanrun, pé ẹ ò fẹ́ kó kú sọ́nà nígbà tí ẹ̀yin wá ṣe àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ràn ajá rẹ̀ á gbọ́ ìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lè máa gbé inú ilé náà tì í fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé tó tutù, abọ́ omi, àga tó mọ̀, ajá ò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá kọ̀ jálẹ̀, Bàbá Ìbejì ló kù. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ní ilé wa, ajá jẹ́ ti ọdẹ, ti ìṣọ́lé, ti Ògún. Kì í bá àgbà jókòó. Kí ọmọ yín fi ajá sínú àgò tirẹ̀ lẹ́yìn, kó de àgò náà mọ́lẹ̀, ìyẹn ló sì dára jù fún ajá bí bíréèkì bá mú lójijì. Kí Bàbá jókòó níwájú. Ẹ sì lè sọ fún wọn pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa dúró ti ajá níbòji nígbà tí àwọn yòókù bá wọ ibi tí wọn kì í gbà á. Ní Grand Canyon, èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ lọ, mo gbé Tanímọ̀la lé itan lórí àga gbọọrọ kan lábẹ́ igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú báńdéèjì funfun, ọ̀gbun ńlá yẹn níwájú wa, ó ń pọ́n, ó ń yí sí àlùkò bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Wákàtí méjì. N kò ní ibòmíràn tí mo fẹ́ wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, Màmá. Mo rí àyè ẹ̀kọ́ gíga ní Arizona, August ni mo máa lọ. Mo fẹ́ mú ajá mi dání, ọmọ ọdún méjì ni. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ṣé ìyẹn tó?
Akẹ́kọ̀ọ́, Mọ̀ọ̀rè, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Kò tó, ọmọ mi, àsìkò sì ti ń lọ. Láti ọjọ́ 1, oṣù August, 2024 ni CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ti yí òfin mímú ajá wọlé padà. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí ibi tí dìgbòlugi ajá pọ̀. Ajá rẹ gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, ìyẹn kò ṣòro. Ó gbọ́dọ̀ ní microchip, ẹ̀rọ kékeré bí èso ìrẹsì tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ, tó ní nọ́ńbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: microchip ló gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí wọ́n bá ti gún un lábẹ́rẹ́ kí nọ́ńbà tó wọ ara rẹ̀, wọn ò ní ka abẹ́rẹ́ yẹn sí, wọ́n á tún un gún.

Lẹ́yìn náà, dókítà ẹranko á kọ ìwé ẹ̀rí CDC, dókítà ìjọba á fọwọ́ sí i. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ajá, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tí CDC fọwọ́ sí, kí wọ́n wò ó bóyá abẹ́rẹ́ náà mú. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ yìí kò bá sí, ọjọ́ 28 ni wọ́n á fi dá ajá náà dúró níbẹ̀, lórí owó rẹ. O tún gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n fọwọ́ sí, ní pápákọ̀ òfurufú tó ní irú rẹ̀, bíi JFK ní New York tàbí Atlanta. Ibẹ̀ gan-an ni ajá gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ sọ̀. Má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba ibòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kì í gbé ajá sí ibi ẹrù nígbà tí ooru bá pọ̀, August sì ni ìwọ ń lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o máa lọ ná, kí ajá dúró ti ìyá rẹ, kí ẹ ṣe ìwé náà bó ṣe yẹ, kó wá bá ọ ní November nígbà tí Arizona bá tutù. Kí wọ́n fi microchip sí i ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ bá dé, kọ̀wé sí mi.